Ẹ Sọ fún Wọn Pé Ẹ Mọ̀ Mí

Ọ̀nà Ìṣẹ̀,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bánjọ ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Àwa náà wà bí a ṣe wà. Mo ń jí, mo ń gbálẹ̀, mo ń dáná, mo sì máa ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì kí n tó rántí.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, gbogbo ìgbà tí a bá pe ara wa lórí fóònù, ìwọ ń sunkún, èmi ń sunkún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, a ò ní rí nǹkan kan sọ. Mo wá rò ó pé bébà kì í sunkún. Mo máa kọ ọ́ síbí, mo máa yà á ní fọ́tò bí Ọpẹ́olúwa àbúrò rẹ ṣe kọ́ mi nígbà tó wá láti Ìlawẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Kí ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà, ojú mi kò dára mọ́.

Ẹbí ti ṣèpàdé. Elijah, bàbá kékeré rẹ, ló jókòó sórí àga bàbá rẹ. Ó ní Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni a máa sin ẹ̀gbọ́n òun, pé òkú kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mọ́ṣúárì. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá rántí ibi tó wà, ọkùnrin tí kì í fi omi tútù wẹ̀.

Elijah wá ní, "Bánjọ ni àkọ́bí. Òun ló máa gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ ṣíwájú pósí, òun náà ló máa kọ́kọ́ bu ilẹ̀ sí i. Àbí ta la tún fẹ́ rán?" Gbogbo wọn wò mí. Mo ní o ń bọ̀. Mo fọwọ́ sọ àyà fún wọn.

Bánjọ, ọjọ́ ti pẹ́ tí o ti lọ. Mi ò bá ọ jà. Bàbá rẹ náà kò bá ọ jà, bí àwọn èèyàn bá béèrè rẹ, á ní, "Ìwé ló ń dúró dè." O sì sọ fún wa ní oṣù kẹfà pé o ti búra, pé o ti di ọmọ ìlú wọn. Kí ló wá kù? Sọ ọjọ́ tí o máa balẹ̀ fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ fún Elijah.

Èmi ìyá rẹ,
Mojírádé.


Leeds, Ìlú Ọba.
13 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjùmọ̀bánúkẹ́dùn. Ẹ kú ìnìkandáná. Ọlọ́run á dúró tì yín. Ọ̀rọ̀ abọ́ méjì yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, mo ní láti sá wọ ilé ìtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà fún yín bó ṣe rí. Lóòótọ́ ni mo ti búra. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo ti di ọmọ onílùú. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò ṣe é wọ bàálù. Èèyàn ní láti fi béèrè fún pásípọ́ọ̀tù wọn, ojúlówó ni wọ́n sì máa ń gbà, wọn kì í gba ẹ̀dà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé kan ṣoṣo: ìwé onílùú, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi, ìwé ìbí mi. Wọ́n ní àwọn máa dá a padà láìpẹ́. Títí di òní, mi ò tíì rí i. Ìwé ìgbélùú tí mo fi ń gbé níbí tẹ́lẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti búra. Màmá, nínú yàrá mi yìí, kò sí bébà kan tó sọ pé èmi ni Bánjọ, àfi bíìlì iná.

Mo ti kọ̀wé sí wọn pé bàbá mi kú. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn bá mi kẹ́dùn, kí n ní sùúrù, àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé mi kò sí lọ́wọ́ mi. Àwọn gbájúẹ̀ ti pọ̀. Wọ́n pe ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlasà pé wọ́n ti ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé níbí, obìnrin náà dákú. Ẹnikẹ́ni tí ẹ ò mọ̀ rí tó bá béèrè mi lọ́wọ́ yín, ẹ má bá a sọ nǹkan kan.

Ẹ bá mi bẹ bàbá kékeré. Mo ń bọ̀. Kí ìwé yẹn ṣáà dé.

Ọmọ yín,
Bánjọ.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
17 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bánjọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ṣùgbọ́n ìkíni mi kò gùn lónìí. Ìwé rẹ ti lé oorun lójú mi.

Ìwọ fúnra rẹ lo kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ tìrẹ láyé sínú àpò, o lẹ̀ ẹ́ pa, o fi ránṣẹ́ sí ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀ rí? Ìwé tí bàbá rẹ ń gbàdúrà lé lórí títí ó fi kú? Ta ló bá ọ dámọ̀ràn?

Ṣé o rántí Solomon, ọmọ Ẹmùrè tí ẹ jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì? Mo lọ kí ìyá rẹ̀ lánàá. Ìbọ̀sẹ̀ ló fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù nígbà tí wọ́n dá a padà, kò ráyè wọ bàtà. Ìyá rẹ̀ ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ní kó mú ìwé rẹ̀ wá kí àwọn wò ó. Kí àwọn wò ó! Bánjọ, ṣé ohun tí wọ́n sọ fún ọ kọ́ nìyẹn? Solomon wà nínú yàrá, kò jáde wá kí mi. Mo gbọ́ tó wúkọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Comfort tí a jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan náà nìkan ni mo sọ fún, nítorí ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. A sì jọ rò ó pé tí wọ́n bá wá wá ọ débí ńkọ́? Ni mo bá lọ láti ilé dé ilé, láti ilé wa títí dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ gààrí. Mo ní bí àlejò bá béèrè Bánjọ, wọn kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló gbà. Bàbá kékeré rẹ náà gbà. Comfort ní bí wọ́n bá fi ìbọn sí òun létí, òun kò mọ̀ ọ́.

Ilé kan ṣoṣo ni mi ò yà. Ìwọ náà mọ ilé tí mo ń sọ. Láti ìgbà tí Níkẹ́ ti dúró dè ọ́ tí o kò ránṣẹ́ pè é, Elizabeth ìyá rẹ̀ kò kí wa mọ́. Bàbá rẹ kú, kò wá kí mi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì nìyí ní ọ̀kánkán wa. Mi ò lè lọ bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó bá mi bo ọmọ mi láṣìírí.

Má jáde lálẹ́. Tí o bá rí ọlọ́pàá, gba ibòmíràn.

Ìyá rẹ,
Mojírádé.


Leeds.
21 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Ẹ ṣeun. Mi ò rò ó pé ẹ máa lọ yí gbogbo àdúgbò ká, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Solomon dá ara yín lágara, tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn lójoojúmọ́.

Kò tíì sí nǹkan kan. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń pín lẹ́tà, mo máa ń dìde, bébà ìpolówó oúnjẹ ló máa ń jù sílẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n mú ìwé mi wá kí òun tún un wò. Mo ní ó wà lọ́nà. Ó wò mí. Ohun tí ẹ sọ nípa ọlọ́pàá yẹn, mo ti ń ṣe é kí ẹ tó sọ. Mo ń rìn bí olè, màmá, mi ò sì jalè.

Ọmọ yín,
Bánjọ.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
2 Oṣù Kẹwàá, 2025

Bánjọ Àjàní mi,

O kò kọ̀wé. Mo mọ̀ pé àìráyè ni, ṣùgbọ́n kí o máa fi àmì kan ránṣẹ́, àní kí o kàn tẹ "mo wà," kí àyà mi má máa já.

Jókòó kí o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe.

Ọkùnrin kan dé síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wọ kóòtù, ó so táì, nínú oòrùn yẹn. Ó ní lọ́yà ni òun láti Adó, pé àwọn òyìnbó ló ní kí òun wá béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo fún un lómi. Comfort ti rí mọ́tò rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó ń díbọ́n pé òun wá yá asẹ́.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí Bánjọ Ládélé?"

Mo ní, "Bánjọ wo?"

"Èyí tó wà ní Ìlú Ọba."

"Ìlú Ọba kẹ̀? Àwa tí a ò débi tó kọjá Adó."

Ó wo fọ́tò rẹ lára ògiri, èyí tí o fi aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yà. "Ta wá nìyí?"

Kí n tó lanu, Comfort ti dáhùn. "Ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Kò sí ilé tí fọ́tò ẹ̀ kò sí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé wọn kò kọ́ yín nílé ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Comfort ní, "Ẹ bi wọ́n pé ewúrẹ́ mélòó ni wọ́n ní. Ìyẹn ni wọ́n máa kà fún yín."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Bánjọ. Ó kà á fún mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tó jáde, ó ya àwọn ilé kan. "A ò mọ̀ ọ́n" ni gbogbo wọn wí. Ọlọ́run sì ṣe é, Ìyá Níkẹ́ kò sí nílé, ó lọ sí oko.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, mo sunkún díẹ̀, nítorí pé mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Wọn kò rí ọ mú. Mo ti fi ọ́ pamọ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Mojírádé.


Leeds.
9 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ jẹ́ kí Comfort jókòó tì yín.

Ọkùnrin yẹn kò wá mú mi. Àwọn tí pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ wọn ló rán an. Ìwé ìbí mi ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí pé mo ti dàgbà kí bàbá tó lọ búra fún un ní kóòtù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ẹnì kan bí mi. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín.

Lẹ́tà wọn dé lánàá. Wọ́n ní obìnrin tí mo pè ní ìyá mi ní òun kò bí mi. Wọ́n ní ní àdúgbò tí mo sọ pé wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Kí n ṣàlàyé ẹni tí mo jẹ́ fún àwọn. Bí àlàyé mi kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn lè gba ìwé onílùú náà pátápátá. Màmá, tí wọ́n bá gbà á, ibo ni mo máa lọ? Wọn kò ní jẹ́ kí n dúró níbí, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi sì wà lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ ìdí tí ẹ fi pa á. Síbẹ̀ nígbà tí mo kà á lórí bébà wọn pé "obìnrin náà ní òun kò ní ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," mo lọ wo ojú ara mi nínú dígí. Bàbá ti kú. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè dúró sọ pé èmi nìyí.

Mi ò dá yín lẹ́bi, èmi ni mo ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọkùnrin náà rí. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí.

Bánjọ.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
10 Oṣù Kẹwàá, 2025

Bánjọ! Bánjọ! Bánjọ!

Ọmọ mi ni ọ́. Mo kọ ọ́ síbí kí ó kọ́kọ́ wà lórí bébà kan. Èmi Mojírádé, ìyàwó Ládélé, èmi ni mo bí ọ.

Mò ń lọ sí Adó. Mi ò mọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, mi ò béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn. Mo máa wo ojú gbogbo lọ́yà tó wà níbẹ̀. Má pa fóònù rẹ.

Ìyá rẹ.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
17 Oṣù Kẹwàá, 2025

Bánjọ ọmọ mi,

O ò wí nǹkan kan sí ìwé tí mo kọ kẹ́yìn. Mo ń kọ èyí bóyá o máa rí i.

Mo rí ọkùnrin náà. Ìyà jẹ mí kí n tó rí i. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọkùnrin tó so táì, wọ́n ní màmá, lọ́yà wo ni kò so táì ní Adó yìí? Nígbà tí mo bá a, mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ó ní, "Màmá, ẹ ní ẹ ò bí i. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ tún wá ní ẹ bí i. Èwo ni kí n gbàgbọ́?"

Mo ní, "Èyí, sà."

"Ẹnì kan ti pè yín pé kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà."

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ tí ẹ ò bí?"

Mo wá ka yín, Bánjọ. Mo ka ìwọ. Mo ka Ògoolúwa tó kú kó tó rìn. Mo ka Ọpẹ́olúwa. Mi ò tíì ka ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́nu rí níwájú àlejò. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ohun tó máa ń gbọ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀ di etí rẹ̀ fún mi.

Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó mi orí. Ó ní orúkọ kò ju orúkọ lọ, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó ní òun máa tún bi àwọn ará àdúgbò léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú mi, bí wọ́n bá sì tún sọ ohun tí wọ́n sọ, òun máa pa ìwé náà dé. Mo dúpẹ́. Mo rò pé ó ti tán.

Nínú mọ́tò rẹ̀ ni mo jókòó tí a fi wọ àdúgbò. Comfort rí mi níbẹ̀, ó sá wá. "Ìyáa wa! Kí ni wọ́n fi yín ṣe?"

Mo ní, "Comfort, sọ òtítọ́ fún wọn. Ta ni Bánjọ?"

Ó wo lọ́yà, ó wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi. "Òtítọ́ náà ni mo máa ń sọ. A ò mọ Bánjọ kankan."

"Comfort, mo bẹ̀ ọ́!"

"Ẹ má bẹ̀rù, ìyáa wa. Wọn kò lè fipá gbọ́ ọ lẹ́nu wa."

A dé ìdí ẹ̀rọ gààrí. Obìnrin ibẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dún dáadáa. "Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí." Mo ké pè é pé ó ti tó, pé kó sọ ọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rò pé wọ́n ti dè mí. Ó ní, "Àní mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ tú ìyá yìí sílẹ̀!" Bàbá kékeré rẹ náà dé, Elijah tó ń pariwo pé kí o wá gbé fọ́tò. Ó fi Olósùnta, àpáta tí wọ́n ń bọ nílùú wa, búra pé obìnrin kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n òun bí, pé ó wà nílé ọkọ ní Ìlawẹ̀. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Bánjọ! Ìfẹ́ rẹ ló mú un.

Lọ́yà pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní, "Màmá, mo ti gbìyànjú." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo sì ń pe orúkọ rẹ bí ẹni tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ni géètì Ìyá Níkẹ́ bá ṣí.

"Ta ló ń pe orúkọ aláìmoore yẹn lẹ́nu ulé mi?"

Lọ́yà yíjú padà. "Màmá, ẹ mọ Bánjọ Ládélé?"

"Ẹni tó jẹ usu mi títí ó fi yọ irùngbọ̀n? Ọmọ Ládélé ni, ọmọ obìnrin tó jókòó sílẹ̀ yìí ni! Ọ̀nà oko ni ìrọbí ti mú un, òjò ń rọ̀, èmi Elizabeth ni mo fi gèlè orí mi gba ọmọ náà. Mi ò mọ̀ pé ejò ni mo ń gbà!"

Comfort ń dì í lẹ́nu. Ó gbá ọwọ́ Comfort dànù. Lọ́yà ti ṣí fáìlì padà. Ó béèrè bóyá àmì kan wà lára rẹ.

"Ẹ wo orúnkún ẹ̀ tòsì. Orí igi àgbálùmọ̀ mi ló ti já bọ́, níbi tó ti ń jí i ká. Ó ní òun máa fẹ́ Níkẹ́ ọmọ mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ọmọ mi ń wo ọ̀nà títí ojú fi ń dun èmi ìyá ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkùnrin gidi kan ní Ìlasà! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìmoore ni."

"Màmá, wọn kò bi mí ní ìyẹn."

"Ẹ kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́. Ìyá Níkẹ́ fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni mo sọ fún Comfort àti Elijah pé òtítọ́ ni mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ láti àárọ̀. Elijah dọ̀bálẹ̀ fún lọ́yà, àgbàlagbà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ kúnlẹ̀ nílé Ìyá Níkẹ́. Ó ní, "Dìde. Mi ò ṣe é torí rẹ." Ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó tẹ ẹ̀bà. A jọ jẹ ẹ́.

Lọ́yà ní òun ti fi ránṣẹ́. Ṣé wọ́n ti rí i? Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ,
Mojírádé.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
27 Oṣù Kẹwàá, 2025

Bánjọ,

Àmì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mo fi ránṣẹ́. Ọpẹ́olúwa ní ó túmọ̀ sí pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo pè ọ́, obìnrin kan ń fèdè òyìnbó dá mi lóhùn.

Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ. Elijah ń béèrè bóyá ká sún un síwájú, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Tí mo bá ní ká dúró, ẹ̀rù ọkọ mi tó wà nínú òtútù ń bà mí. Tí mo bá ní ká sin ín, ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Ṣé wọ́n ti mú ọ ni? Ṣé ìbọ̀sẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ? Kọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Ìyá rẹ.


Leeds.
29 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màmá mi,

Ẹ dárí jì mí. Mo wà. Mo pa fóònù nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá dún ni mo ń rò pé àwọn ni, àyà mi kò gbà á mọ́. Òní ni mo tàn án, tí mo rí gbogbo ìwé yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Níkẹ́, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa mi ni òtítọ́.

Àwọn tí ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn kọ̀wé pé ìròyìn tuntun ti dé láti Èkìtì, kí n máa retí. Wọn kò sọ pé ó dára, wọn kò sọ pé kò dára. Ìwé kò tíì dé. Bó bá tilẹ̀ dé lọ́la, mi ò lè bá ọjọ́ Ẹtì mọ́.

Màmá, ẹ sin bàbá mi. Ẹ má fi wọ́n sínú òtútù nítorí mi. Kí bàbá kékeré gbé fọ́tò náà.

Bánjọ.


Leeds.
6 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màmá mi,

Ó dé.

Pásípọ́ọ̀tù kọ́kọ́ dé lánàá nínú àpò tirẹ̀. Mi ò yọ̀, nítorí pé àwọn ìwé kò sí níbẹ̀. Àárọ̀ yìí, ẹni tó ń pín lẹ́tà kan ilẹ̀kùn, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ìwé onílùú mi wà nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, ìwé ìbí tí bàbá búra fún wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀. Mo ka orúkọ bàbá lórí rẹ̀ títí.

Mo lè wá báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Praise ọ̀rẹ́ mi ní kí n má tíì rìnrìn-àjò, pé bóyá orúkọ mi ti ní àmì lọ́dọ̀ wọn, wọ́n lè dá mi dúró nígbà tí mo bá ń padà. Kí sì ni mo fẹ́ wá ṣe? Ẹ ti sin wọ́n. Ojú ń tì mí láti wá dúró lórí sìmẹ́ǹtì kí n máa wò ó bí àlejò.

Bánjọ.


Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
8 Oṣù Kọkànlá, 2025

Bánjọ Àjàní, ọkọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Comfort jó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú gọ́tà. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé yẹn. Mú ojúlówó dání. Rárá, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé. Mi ò tiẹ̀ mọ̀, bi ẹni tó gbọ́n jù mí lọ. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ń ba èmi náà. Láti ọjọ́ tí mo ti ka yín fún ọkùnrin yẹn ni mo ti ń gbàdúrà lórí orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì rò pé ẹ̀rù yìí máa tán tí mo bá ṣì wà láyé.

A sin bàbá rẹ. Elijah gbé fọ́tò náà ṣíwájú pósí. Pásítọ̀ ní kí àkọ́bí bu ilẹ̀. Elijah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ bù ú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti dà lórí rú. Mo ní kí Ọpẹ́olúwa bu tirẹ̀, kí ẹbí bu tiwọn, kí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ wá kún un, ṣùgbọ́n tìrẹ kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa bá ọ bù ú.

Bíríkìlà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Mo dá a padà. Elijah bínú. Ó ní ojú oórì ẹ̀gbọ́n òun kò gbọ́dọ̀ wà ní gbangba bẹ́ẹ̀, pé ewúrẹ́ ń gùn ún, pé àwọn èèyàn ń sọ pé opó Ládélé ti ya wèrè. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo fi tapólì bò ó, mo fi òkúta mú un nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí òjò bá ṣú, mo máa ń jáde lọ wò ó.

Kò sí sìmẹ́ǹtì tí o máa dúró lé lórí, ọmọ mi. Ilẹ̀ lásán ni, ó ṣì rọ̀. Má wá lónìí tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́. Má wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá wá, wá bu ilẹ̀ sí bàbá rẹ lára. Mo ti sọ fún bíríkìlà pé kó má ta sìmẹ́ǹtì náà fún ẹlòmíràn.

Ìyá rẹ tó bí ọ,
Mojírádé Ládélé.